Láptọ́ọ̀pù ilé tí owó rẹ̀ kò ga, àti bí fọ́tò àti ìwé kò ṣe ní sọnù (Ìkòròdú)

IyaIbeji_Agric
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù kan tí a ó máa lò nílé. Àwọn ọmọ á máa fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, èmi náà á máa fi Excel kọ ìṣirò ọjà mi. Kò sí géèmù, kò sí fídíò ṣíṣe níbẹ̀. ₦350,000 ló wà nílẹ̀, kò sí ibi tí mo ti máa rí àfikún. Ẹnì kan fi tuntun hàn mí nínú páálí: Celeron, RAM 4GB, 64GB. Ó ní tuntun kì í ṣe ẹgbẹ́ tòkunbọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìkejì, fọ́tò àwọn ọmọ láti kékeré, sátífíkéètì, ìwé ilẹ̀, orí fóònù kan àti fláàṣì kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó tó 70GB. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú wọn? Ẹ rántí pé iná wa kò dúró sójú kan o.

Atunse_Sabo
Màmá Ìbejì, ẹ má rà á. 64GB inú páálí yẹn, eMMC ni. Wọ́n fi sọ́dà lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé yọ, kò ṣeé pààrọ̀. Lára ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí RAM 4GB náà ṣe rí nìyẹn. Windows fúnra rẹ̀ á ti gba apá tó pọ̀ nínú 64GB náà, tí update ńlá bá dé, kò ní ráyè wọlé, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ẹ wá tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún iléeṣẹ́: HP EliteBook 840 G5, Lenovo ThinkPad T480, tàbí Dell Latitude 7490. Ara wọn le, wọ́n ṣeé tú, ẹ lè pààrọ̀ RAM àti SSD (ibi ìpamọ́ tó yára, tí kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀) wọn nígbàkigbà. Kó jẹ́ Core i5 ìran kẹjọ (8th generation), RAM 8GB, SSD 256GB. Ẹ má gbé EliteBook 840 G3 (ìran kẹfà) tàbí G4 (ìran keje) o, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó. Àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba ìran kẹfà àti ìkeje.

Oluko_Ijede
Ọ̀rọ̀ Atunse dáa, àtúnṣe kan ni mo ní. Orúkọ ẹ̀rọ nìkan kò tó. T480 wà tó jẹ́ ìran keje, 840 G5 náà wà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà prósẹ́sọ̀ ni kí ẹ kà. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ Start, ẹ yan System, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Processor sí. i5-8250U tàbí i5-8350U, ìran kẹjọ nìyẹn. i5-7300U, ìkeje ni, ẹ fi sílẹ̀. Tí ẹ bá rí i5-10210U, ìran kẹwàá ni, i5-1135G7, ìkọkànlá. Ẹni tó bá ń pariwo "Core i5, Core i5" tí kò sọ ìyókù, ẹ ní kó tan ẹ̀rọ kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ẹ tún tẹ tpm.msc sínú àpótí Run (Windows + R), kí ẹ fi wo TPM, ohun ààbò tí Windows 11 ń béèrè. Kí Specification Version tó máa fi hàn jẹ́ 2.0.

OmoEbute
Èmi kò gbà pé kí Màmá ná gbogbo owó náà sórí láptọ́ọ̀pù. 840 G3 tí SSD wà nínú rẹ̀, tí ẹ bá fi Linux Mint (ètò ọ̀fẹ́ tó ń gba ipò Windows) sí i, á yára dáadáa fún iṣẹ́ ilé. LibreOffice á ṣí Word àti Excel. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra háàdì dísìkì méjì fún fọ́tò. Ẹni tó bá sì fẹ́ dúró sórí Windows 10, Microsoft ní ètò ESU tó ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026.

Oluko_Ijede
@OmoEbute, òótọ́ ni ESU, ṣùgbọ́n ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún un. Ẹni tó fẹ́ lo ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún, kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ní ti Linux, mi ò bá a jà, ó dáa púpọ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí àwọn ọmọ fi ń ṣe àdánwò CBT nílé, fún Windows ni wọ́n ṣe é. Tí Màmá bá sì ní macro (àṣẹ tí Excel ń ṣe fúnra rẹ̀) nínú Excel rẹ̀, ó lè má ṣiṣẹ́ nínú LibreOffice bó ṣe yẹ. Ibi tí a ti jọ fẹnu kò ni pé kí owó háàdì dísìkì kúrò nínú ₦350,000 yẹn kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ olóláptọ́ọ̀pù.

Atunse_Sabo
Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ béèrè owó ní Sábó níhìn-ín, kí ẹ tún béèrè ní Computer Village ní Ìkẹjà. Tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò bá ju owó ọkọ̀ lọ, ẹ rà á níbi tí ẹ ti lè tètè dá a padà. Kí wọ́n sì kọ ọjọ́ wárántì àti serial number sórí rìsíìtì.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jókòó ti ẹ̀rọ náà.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, á sọ ibi tó kó àbájáde rẹ̀ sí, ẹ ṣí i. Ẹ wá DESIGN CAPACITY àti FULL CHARGE CAPACITY. Bátìrì 840 G5 jẹ́ 50Wh nígbà tó wà lọ́tun, nítorí náà ẹ máa rí nǹkan bí 50,000 mWh lókè. Tí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 40,000, ìdá 80 nínú 100 ló ṣẹ́ kù, ó dáa. Tó bá jẹ́ 22,000, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n yọ owó bátìrì kúrò. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá dọ́gba géérégé lórí ẹ̀rọ tó ti pẹ́, ẹ fura. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì tí kì í ṣe ojúlówó ni wọ́n fi rọ́pò. Ẹ yọ ṣájà, ẹ jẹ́ kí fídíò máa lọ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ wo bí ìdá rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀. T480 sábà máa ń ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan tó ṣeé yọ lẹ́yìn. Àbájáde náà á kọ méjèèjì, ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀.

SSD ló kàn. Ẹ gbé CrystalDiskInfo lọ lórí fláàṣì, èyí tí kò nílò kí a fi sínú ẹ̀rọ kó tó ṣiṣẹ́. Kí ó kọ Good. Ìdá ìlera rẹ̀ àti Power On Hours wà níbẹ̀. Tí ó bá kọ Caution, ẹ gbé e kalẹ̀.

Ibi tí èèyàn ti ń pàdánù owó jù ni àgádágodo. Oríṣi méjì ni. Ẹ tan ẹ̀rọ tún, ẹ tẹ F10 fún HP, F1 fún Lenovo, F2 fún Dell. Tí BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde) bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù, tí olùtà kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ kúrò níbẹ̀. Èkejì burú jù nítorí kì í hàn: iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ kò tíì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tiwọn. Ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọjọ́ tí ẹ bá tún Windows fi sí i, tó bá ti kan íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ iléeṣẹ́ náà á yọ, á sì ní kí ẹ fi ímeèlì òṣìṣẹ́ wọlé. Kò sí bí ẹ ṣe máa wọlé. Nítorí náà ẹ ní kí wọ́n ṣe é níṣojú yín: Settings, System, Recovery, Reset this PC, Remove everything. Ẹ tan hotspot fóònù yín, kí ẹ̀rọ rí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń dìde. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ẹ lọ láàárọ̀.

Tó bá dìde tán, ẹ tẹ slmgr /xpr. Tó bá ní "permanently activated", ó tọ́. Tó bá fún yín ní ọjọ́ tí yóò parí, Windows yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rọ náà, ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣí i.

Ìyókù kò ṣòro: gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù nínú Notepad, ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú àwòrán funfun àti dúdú, ìdè ojú ẹ̀rọ (kó má dún), kámẹ́rà, gbogbo ihò USB pẹ̀lú fláàṣì.

OmoEbute
Ẹni tó bá ra T480, kó tètè ṣe update fáàmùwíà Thunderbolt (sọ́fítíwíà tó ń darí ihò USB-C) láti ojúlé Lenovo. Àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2017 sí 2019 ní àléébù kan níbẹ̀ tó lè ba ihò USB-C jẹ́, ihò yẹn ni ṣájà rẹ̀ ń gbà.

Ara_Badagry
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ má gbàgbé stabilizer. Iná tó ń lọ sílẹ̀ tó ń gòkè máa ba láptọ́ọ̀pù jẹ́ ni, ó di dandan kí ẹ ra ọ̀kan.

Onina_Ogijo
Bọ̀dá, kì í ṣe dandan. Ẹ yí ṣájà láptọ́ọ̀pù ojúlówó sẹ́yìn, ẹ máa rí INPUT 100-240V. Iná 140V tí fìríìjì ń kérora lábẹ́ rẹ̀, ṣájà yẹn á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsí wàhálà. Bátìrì inú ẹ̀rọ sì ń dì í mú tí iná bá lọ. Ohun tó ń pa á ni iná tó ga ju 240V lọ: ìgbà tí wọ́n bá dá iná padà lójijì, tàbí tí wáyà neutral bá já lórí òpó, tí nǹkan bí 400V lè wọ ilé. Stabilizer kékeré ọjà kì í yára tó láti dá ìyẹn dúró.

Ẹ yọ ṣájà tí iná bá ti lọ. Tó bá dé, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tún so ṣájà mọ́ iná. Tí ẹ bá fẹ́ ohun tó ń ṣe é fúnra rẹ̀, ẹ béèrè AVS, èyí tó ń gé iná tó bá ga tàbí tó bá kéré jù, tó sì ń dúró kó tó dá a padà.

Ṣájà ayédèrú ni kí ẹ sá fún. Ti 840 G5 jẹ́ 65W, 19.5V, 3.33A, ẹnu rẹ̀ jẹ́ búlúù, ihò rẹ̀ kéré. Èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ lọ́wọ́, kò sí ohun ìdáàbòbò kankan nínú rẹ̀.

Ara_Badagry
Ó dáa, ẹ ṣé. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí AVS. Ohun tí mo tún fẹ́ sọ ni ti atẹ́gùn òkun àti ti ọ̀sà. Ní ọ̀dọ̀ wa, iyọ̀ inú atẹ́gùn máa ń dípẹtà sí ihò USB. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí ọ̀sà ní Ẹ̀bútẹ̀, ọ̀rinrin wà lọ́dọ̀ tiyín náà. Háàdì dísìkì tí ẹ kò lò, inú ike tó ní ìdérí tó mọ́ pinpin ni kí ó máa wà, kí ẹ fi àpò silica gel méjì sí i.

Ayaworan_Igbogbo
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti fọ́tò, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan tí a kò lè rà padà wà. Láptọ́ọ̀pù lè bàjẹ́, ẹ ra òmíràn. Fọ́tò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò sí lọ́jà.

Màmá, fláàṣì kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ohun tí a fi ń gbé fáìlì láti ibì kan sí ibòmíì ni. Ẹ ra háàdì dísìkì alágbèéká 1TB kan, méjì tí owó bá gbà á. Ìlànà tí àwọn tó mọṣẹ́ ń lò ni 3-2-1: ẹ̀dà mẹ́ta, orí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbi tó yàtọ̀ sí ilé. Fún yín, ẹ̀dà kìíní wà nínú láptọ́ọ̀pù, èkejì wà lórí háàdì dísìkì nílé. Ẹ̀kẹta, ẹ pín in sí méjì: ìwé pàtàkì lọ sí Google Drive, fọ́tò lọ sórí dísìkì kejì tí ẹ máa gbé sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan.

Ìdí tí mo fi pín in ni pé Google ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti Photos ló sì jọ ń pín in. Fọ́tò ti ń wọ ìṣirò yẹn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021. 70GB kò lè wọ̀ ọ́ láìsanwó. Bẹ́ẹ̀ ni gbígbé fáìlì sókè ń jẹ dátà gan-an bí gbígbà á sílẹ̀ ṣe ń jẹ ẹ́: 70GB fáìlì, 70GB dátà. Sátífíkéètì àti ìwé ilẹ̀ tí ẹ bá skáànì ní 300 dpi, gbogbo rẹ̀ pọ̀ lè má tó 1GB.

Dísìkì tuntun, kí ẹ tó kó nǹkan kan sí i, ẹ dán an wò pẹ̀lú H2testw. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: wọ́n kọ 2TB sára rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ 32GB. Á gba fáìlì wọlé, á sì fi orúkọ wọn hàn yín, àmọ́ ẹ̀yìn 32GB àkọ́kọ́, òfo ni ìyókù. H2testw á kọ dátà kún un, á tún kà á padà. Ẹ fẹ́ rí "Test finished without errors". Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ẹ fi sílẹ̀ lóru tí iná bá wà.

Láti fóònù: wáyà USB, ẹ yan File transfer, ẹ kó fódà DCIM. Ti WhatsApp kò sí níbẹ̀ o, Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Media ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ fódà, Properties, ẹ wò ó bóyá iye fáìlì àti GB bá ti orí fóònù mu. Ẹ tún ṣí fọ́tò mélòó kan, ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, ti ìparí. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù kí ẹ tó ṣe èyí.

OmoEbute
Kí ẹ má bàa máa fi ọwọ́ kó o lójoojúmọ́, robocopy wà nínú Windows. Ẹ tẹ èyí:

robocopy "C:\Users\Ile\Pictures" "E:\Eda\Pictures" /MIR

Á mú dísìkì bá láptọ́ọ̀pù dọ́gba lẹ́ẹ̀kan náà.

Oluko_Ijede
Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lo /MIR! Ohun tó ń ṣe ni pé kí ibi tí ẹ ń kó o lọ rí gẹ́lẹ́ bí ibi tí ẹ ti kó o wá. Tí ọmọ bá ti pa fódà kan rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, /MIR á pa á rẹ́ lórí dísìkì náà. Tí ẹ bá sì ṣi E: kọ, tí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Èyí ló tọ́ fún ilé:

robocopy "C:\Users\Ile\Pictures" "E:\Eda\Pictures" /E /XO /R:1 /W:1

/E ń kó gbogbo fódà inú rẹ̀, /XO kì í jẹ́ kí fáìlì àtijọ́ tẹ tuntun mọ́lẹ̀. /R:1 àti /W:1 ṣe pàtàkì: tí ẹ kò bá kọ wọ́n, tó bá kan fáìlì tí kò ṣeé kà, á gbìyànjú ìgbà mílíọ̀nù kan, ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rò pé ẹ̀rọ ti dákú ni.

Ẹni tí Command Prompt kò rọ̀ lọ́rùn, ẹ lọ sí Control Panel, File History, ẹ yan dísìkì náà, Turn on. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí dísìkì bá wà lára ẹ̀rọ, á kó ohun tó yí padà, á sì tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ pẹ̀lú.

OmoEbute
Mo gbà, Olùkọ́. Ẹ fi ti /MIR sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n béèrè, kí ló dé tí ẹ kò mú SSD alágbèéká? Háàdì dísìkì tó bá jábọ́ nígbà tó ń yí, ó parí.

Ayaworan_Igbogbo
Fún èyí tí a ń gbé kiri lójoojúmọ́, SSD dáa jù. Èyí tó máa wà nínú àpótí fún oṣù pípẹ́ láìrí iná, háàdì dísìkì ni mo máa mú. Ìlànà JEDEC (ẹgbẹ́ tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún irú ohun ìpamọ́ báyìí) fún SSD ilé ni pé kó lè di dátà mú fún ọdún kan láìrí iná, ní 30°C. Ooru yàrá wa sì máa ń kọjá 30°C.

Oluko_Ijede
Ọdún kan yẹn, fún SSD tí wọ́n ti kọ dátà sí títí ó fi lo agbára rẹ̀ tán ni. Tuntun á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ máa so ó mọ́ ẹ̀rọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ ṣí fáìlì díẹ̀ wò. Tí ẹ bá ti kó fáìlì tán, ẹ yọ ọ́. Dísìkì tó wà lára ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa láti gbowó á ti òun náà pa.

IyaIbeji_Agric
Ẹ ṣeun gan-an o, Ọlọ́run á bá wa ṣe é. 840 G5 ni mo máa wá, màá sì ra dísìkì 1TB kan báyìí, èkejì á tẹ̀ lé e lóṣù tó ń bọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. OneDrive tí wọ́n ní ó wà nínú Windows, ṣé kò tó? Ìkejì, wọ́n ní BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì pa, lè ti èèyàn mọ́ta.

Ayaworan_Igbogbo
Kò tó, Màmá. 5GB ni ọ̀fẹ́ rẹ̀. Ohun tó sì ń ṣe ni kí fáìlì dọ́gba níbi gbogbo: tí ẹ bá pa fọ́tò rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, á parẹ́ lórí OneDrive, ọjọ́ 30 ló fi wà nínú ààtàn rẹ̀ kó tó lọ pátápátá. Ẹ lò ó fún ìwé tí ẹ ń kọ lọ́wọ́. Ẹ má pè é ní ẹ̀dà.

Ní ti Google Drive, ẹ tan ìwọlé onípele méjì, kí ẹ wá tẹ backup codes mẹ́wàá tí wọ́n máa fún yín sórí bébà. Tí síìmù bá sọnù, tí wọ́n gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì, bébà yẹn ló máa ṣílẹ̀kùn. Ẹ máa wọlé síbẹ̀ nígbà gbogbo pẹ̀lú, nítorí Google lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún méjì rẹ́.

Oluko_Ijede
BitLocker, òótọ́ ni. Tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé lórí Windows 11 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, ó lè ti dísìkì inú ẹ̀rọ pa fúnra rẹ̀ láìbéèrè. Ó dáa bẹ́ẹ̀: olè tó bá gbé láptọ́ọ̀pù kò ní rí ìwé ilẹ̀ yín kà. Wàhálà ni ọjọ́ tí atúnẹ̀rọṣe bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù tàbí tó fọwọ́ kan BIOS, tí ẹ̀rọ wá béèrè kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà 48 ni kọ́kọ́rọ́ náà. Atúnẹ̀rọṣe kò lè wá a fún yín, Microsoft náà kò lè ṣẹ̀dá òmíràn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ délé, ẹ wọ aka.ms/myrecoverykey pẹ̀lú ímeèlì tí ẹ fi ṣí Windows. Ẹ da nọ́ńbà náà kọ sórí bébà méjì pẹ̀lú Key ID tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan sínú fáìlì ìwé ilẹ̀, ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹni tí dísìkì kejì máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sínú láptọ́ọ̀pù náà.

Atunse_Sabo
Ẹ tún mú fláàṣì òfo kan dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Màmá, CrystalDiskInfo ni kí ẹ gbé sí i. Kí dátà fóònù yín tó 3GB ó kéré tán, torí reset yẹn àti update tó máa tẹ̀ lé e.